Bí a ṣe ń jí Láńdírófà àtijọ́ dìde nínú ọgbà ilé ẹni ní Ìbàdàn

Ládùúgbò wa lápá Òjòó, Láńdírófà kan wà tí ìtàkùn ẹ̀gúsí ti gun orí rẹ̀. Ẹni tó ni ín kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọjọ́ Sátidé kan ló pe mẹ́káníìkì méjì, kó sì tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti tú ọkọ̀ náà palẹ̀: ẹnjìnnì wà lábẹ́ igi máńgòrò, gíà wà nínú ṣọ́ọ̀bù ìyàwó rẹ̀, gbogbo bóòtù wà nínú garawa kan ṣoṣo. Ọdún kẹfà rèé. Òjò ti rọ̀ sínú garawa yẹn títí bóòtù fi lẹ̀ mọ́ra wọn di odidi irin kan.

Èmi náà ti ṣe irú rẹ̀ rí. Tèmi kàn jẹ́ ọdún kan àbọ̀ ni, mo sì ti fi ojú ara mi rí ibi tí iṣẹ́ náà ti ń dojú rú. Egungun ọkọ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tọ́jú, lẹ́yìn náà bíréèkì, lẹ́yìn náà ẹnjìnnì. Ọ̀dà ni ìkẹyìn pátápátá. Ọ̀pọ̀ wa ń fi ọ̀dà ṣáájú torí pé òun ni aládùúgbò ń rí, òun náà ni wọ́n á tún fi iná jó nígbà tí alájórin bá dé.

Land Rover Series III ni mò ń sọ níbí, èyí tí wọ́n ṣe láti 1971 sí 1985. Òun ló wọ́pọ̀ jù nínú àwọn jíìpù àgbà tó kù láàárín ìgboro wa. Ilé iṣẹ́ Leyland Nigeria, níbí ní Ìbàdàn, to Láńdírófà pọ̀ nígbà ayé rẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ ìwádìí oko náà sì lò ó gan-an kí wọ́n tó máa tà á ní gbàǹjo. Bó bá jẹ́ jíìpù mìíràn lẹ ní, ètò iṣẹ́ náà bá a mu, ṣùgbọ́n ẹ má lo àwọn ìwọ̀n tí mo bá dárúkọ fún un.

Kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì, òòlù kékeré kan àti mágínẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Mágínẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn sípíkà tó ti bàjẹ́ tó. Ẹ tẹ́ àpò ìrẹsì sílẹ̀, kẹ́ ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ. Ẹni tó ń tà á á máa pè yín síwájú pé kẹ́ ẹ wá gbọ́ bí ẹnjìnnì ṣe ń dún. Ẹ máa dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ẹ má tíì jáde.

Ara Láńdírófà kì í dógùn-ún, torí álúmíníọ́ọ̀mù ni. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi ọkọ̀ náà han aráyé ní Amsterdam lọ́dún 1948, ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni, irin sì ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n bá fi álúmíníọ́ọ̀mù ṣe ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n irin ni ṣásí tó gbé gbogbo rẹ̀. Irin náà ni ògiri tó wà láàárín ẹnjìnnì àti awakọ̀, èyí tí ilẹ̀kùn iwájú so mọ́. Nítorí náà, ara ọkọ̀ lè máa dán kí egungun rẹ̀ sì ti jẹrà.

Ẹ máa fi òòlù kan ṣásí láti iwájú dé ẹ̀yìn. Irin tó dára á dún gbanran-gbanran. Èyí tó ti jẹ á dún bíi pákó tó rà, ìpẹtà á sì máa já lé yín lójú, nítorí náà ẹ wọ awò. Ibi mẹ́rin ni kẹ́ ẹ tẹjú mọ́: irin ìdábùú tó wà lẹ́yìn pátápátá, níbi tí wọ́n ti ń so ọkọ̀ ìfà mọ́, àwọn apá kéékèèké tó yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣásí láti gbé ara ọkọ̀, ibi tí sípíríìngì so mọ́ níwájú, àti ibi tí awakọ̀ ń gbé ẹsẹ̀ lé. Bí ṣásí fúnra rẹ̀ bá ti jẹ ní ibi púpọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọlọ́jà kẹ́ ẹ máa lọ sílé.

Mágínẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Kò ní lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀, ẹ má sì jẹ́ kíyẹn já yín láyà. Ògiri irin yẹn ni kẹ́ ẹ gbé e lé. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, pọ́tì ni wọ́n fi dí ihò níbẹ̀.

Ẹ wo ibi tí ìdarí wà. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà kúrò lápá òsì ọ̀nà bọ́ sí apá ọ̀tún. Bí ìdarí bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún, a jẹ́ pé ọkọ̀ náà ti wà nílẹ̀ yìí ṣáájú ìgbà yẹn, tàbí kẹ̀ ó jẹ́ tòkunbọ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ọlọ́jà bá wá sọ fún yín pé ọdún 1980 ni wọ́n to ti ọwọ́ ọ̀tún yẹn níbí, ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́, kẹ́ ẹ ní kó mú ìwé wá.

Ọ̀rọ̀ ìwé kì í ṣe àwàdà. Nọ́ńbà ṣásí wà lára irin tó di sípíríìngì iwájú mú lápá ọ̀tún, ó sì tún wà lára páànù kékeré kan nínú ọkọ̀. Ẹ fi sáńpépà nu ti ara irin kó hàn, kẹ́ ẹ fi wé èyí tó wà nínú ìwé. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ gbàǹjo, ẹ gba lẹ́tà gbàǹjo àti rìsíìtì rẹ̀. Mo mọ ẹnì kan tó tún ọkọ̀ ṣe tán, tí kò lè gbà á sílẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀ títí dòní nítorí ìwé kan ṣoṣo tí kò béèrè lọ́jọ́ tó sanwó.

Bí ẹnjìnnì bá ti gan, ẹ má sá. Ẹ tú pọ́láàgì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kẹ́ ẹ da dísù tí ẹ pò mọ́ ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Láńdírófà yìí ní ihò níwájú tí wọ́n ń ki irin sí láti fi ọwọ́ yí ẹnjìnnì. Ẹ rọra gbìyànjú rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Àwọn àgbà ló sọ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Bí wọ́n bá fi ọkọ̀ mìíràn wọ́ ọ pẹ̀lú agídí, rọ́ọ̀dù á tẹ̀.

Lórí owó, ìmọ̀ràn tèmi ni pé bí ẹ bá ní náírà 10, ẹ má na ju 4 lọ lórí ríra ọkọ̀. Mẹ́fà tó kù ò ní tó, ṣùgbọ́n á gbé yín dé ibi tí ẹ ò ti ní lè padà sẹ́yìn mọ́.

Ibi iṣẹ́ àti irinṣẹ́

Ẹ wá ilẹ̀ tó le, bí ẹ bá lè rẹ́ sìmẹ́ńtì sí i, ó dáa, kẹ́ ẹ fi páànù ṣe òrùlé lé e. Òjò Ìbàdàn kì í dúró de ẹni tó ń kanrí mọ́ ẹnjìnnì.

Ẹ má ṣe fi búlọ́ọ̀kù gbé ọkọ̀ láéláé. Búlọ́ọ̀kù kì í kìlọ̀, ó kàn ń fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà ni. Ẹ lo ẹsẹ̀ irin tí alájórin ṣe dáadáa, tàbí ìtì igi líle tó tẹ́jú lórí àti nísàlẹ̀. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ mẹ́káníìkì tí kò mọ Láńdírófà kì í mọ̀. Bíréèkì ọwọ́ rẹ̀ kì í di táyà mú. Pùròpélà ẹ̀yìn, níbi tó ti jáde lára gíà, ló ń dì mú. Bí ẹ bá wá fi jáàkì gbé táyà ẹ̀yìn kan ṣoṣo sókè, táyà tó wà lókè á lè máa yí, ọkọ̀ á sì lè yí lọ bí ẹni pé ẹ ò fa bíréèkì kankan. Ẹ fi igi dí táyà yòókù kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan jáàkì.

Sípánà oníínṣì lẹ máa lò. Àpótí 10, 12, 13, 14 tí gbogbo mẹ́káníìkì ń gbé kiri kò bá ọ̀pọ̀ bóòtù ọkọ̀ yìí mu. Sípánà 13 á wọ orí bóòtù ìdajì ínṣì, ṣùgbọ́n ó tú díẹ̀, ìgbà kejì tàbí ìkẹta ló máa jẹ orí rẹ̀ róbótó. 14 kò ní wọ 9/16, 15 á máa yọ̀ lórí rẹ̀. 19 nìkan ló bá ¾ mu. Ẹ ra 7/16, ½, 9/16, 5/8 àti ¾, olórí àti aláyìípo. Nínú irinṣẹ́ òyìnbó àtijọ́ tí àwọn kan ń tà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ ti lè rí ojúlówó.

Ẹ wá ọ̀rá kéékèèké, kálámù tí omi kì í pa, àti ìwé kan. Bóòtù tí ẹ bá tú níbì kan, inú ọ̀rá tirẹ̀ ni kó wọ̀, kẹ́ ẹ kọ ibi tó ti wá sí i lára. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò ohunkóhun kẹ́ ẹ tó tú u, lẹ́ẹ̀mejì, láti òkèèrè àti nítòsí. Mo rò pé mo máa rántí ibi tí wáyà mẹ́ta kan wọ̀. Mo lo ọ̀sẹ̀ méjì lórí wáyà mẹ́ta náà.

Egungun

Igun kan lẹ́ẹ̀kan ni kẹ́ ẹ máa tú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìtara gbé ara ọkọ̀ kúrò lórí ṣásí bí kò bá pọn dandan, torí ara náà ló ń jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ṣásí ti yẹ̀.

Alájórin kò gbọdọ̀ tan iná lára ọkọ̀ tí táǹkì epo ṣì wà nínú rẹ̀. Abẹ́ ìjókòó ni táǹkì máa ń wà, àwọn apá ṣásí tó sì máa ń jẹ kò jìnnà síbẹ̀. Ẹ yọ ọ́, kẹ́ ẹ gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, jìnnà sí iná ìdáná. Táǹkì òfìfo léwu ju èyí tó kún lọ, torí ooru epo inú rẹ̀ ló ń bú gbàù. Ẹ tú orí bátìrì àti wáyà ẹ̀yìn ọ́tánétọ̀ (èyí tó ń fún bátìrì ní iná), kí iná ìjórin má baà ba inú rẹ̀ jẹ́.

Bàbá alájórin tó bá mi ṣe tèmi kọ́kọ́ fẹ́ fi páànù géètì lẹ orí ibi tó jẹ. Ó ní, "Ọmọ mi, ta ló máa wo abẹ́ ẹ̀?" Mo ní, "Bàbá, èmi ni." Ó rẹ́rìn-ín, ó wá gé e bó ṣe yẹ. Ẹ gé gbogbo ibi tó dógùn-ún títí ẹ fi dé irin funfun. Irin tó nípọn tó mílímítà 2, ó kéré tán, ni kẹ́ ẹ fi dí i. Kẹ́ ẹ tó gé ohunkóhun, ẹ gbé ṣásí lé ẹsẹ̀ irin lójú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kẹ́ ẹ na téèpù láti igun iwájú òsì dé igun ẹ̀yìn ọ̀tún, kẹ́ ẹ tún nà án láti ọ̀tún dé òsì. Iye méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Lẹ́yìn ìjórin, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Jíjó ẹ̀gbẹ́ kan tán kẹ́ ẹ tó bọ́ sí ìkejì ló ń fa ṣásí yẹ̀. Ẹ máa jó o díẹ̀díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì.

Ṣásí ní ihò lábẹ́ tí omi ń gbà jáde. Ẹ má dí i. Ẹrẹ̀ pupa tó ti dì síbẹ̀ láti ọdún gbọọrọ ni kẹ́ ẹ fi wáyà gún jáde, kẹ́ ẹ sì fi omi fọ inú ṣásí títí omi á fi mọ́. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan nínú oòrùn. Ẹ wá fi ọ̀dà pupa tí wọ́n ń kun géètì nà án lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ fi dúdú lé e. Fún inú rẹ̀, ẹ fi kọ̀mpúrẹ́sọ̀ fọ́n ọ́ìlì gíà wọ̀ ọ́. Á máa kán sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ìyàwó ilé á pariwo, ṣùgbọ́n irin á mu ún.

Níbikíbi tí álúmíníọ́ọ̀mù bá ti fara kan irin, tí omi sì lè dé ibẹ̀, álúmíníọ́ọ̀mù ló máa jẹ. Á máa hu ìyẹ̀fun funfun bíi ẹfun. Tíúbù táyà àtijọ́ ni oògùn rẹ̀. Ẹ gé e pẹ́lẹ́bẹ́, kẹ́ ẹ fi sáàárín àwọn méjèèjì kẹ́ ẹ tó di bóòtù. Fọkanáísà kankan á fún yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Bíréèkì

Dírọ́ọ̀mù ló wà ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: ínṣì 10 fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kúkúrú, ínṣì 11 fún ọkọ̀ gígùn. Ẹ mọ èyí tí ọkọ̀ yín jẹ́ kẹ́ ẹ tó lọ sọ́jà. Láínìn àtijọ́ lè ní ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì nínú, eruku rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Nítorí náà, ẹ má fi kọ̀mpúrẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ, ẹ má sì fi ẹnu fẹ́ ẹ. Ẹ fi omi rin ín, kẹ́ ẹ fi àkísà nù ún, kẹ́ ẹ sì sin àkísà náà.

Ibi tí mo ti máa rọ̀ yín láti nawó nìyí. Ẹ má ṣe ra wíìlì sílíńdà (èyí tó ń ti láínìn síta nínú dírọ́ọ̀mù) tó jẹ́ bẹ́líjíọ̀mù, ìyẹn àlòkù. Lọ́jà Aràrọmí ní Agodi Géètì, ẹnì kan sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, èyí ṣì máa sin yín dé ọjọ́ alẹ́." Mo bi í bóyá ọjọ́ alẹ́ yẹn lè bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ ra tuntun lójú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kẹ́ ẹ ra másítà sílíńdà tuntun, èyí tí ẹsẹ̀ awakọ̀ ń tì láti fi omi bíréèkì ránṣẹ́, kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ páìpù irin àti ti rọ́bà. Ẹ mú èyí tí ẹ tú dání lọ sọ́jà, kẹ́ ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lójú ọlọ́jà. Bí ó bá ní "ọ̀kan náà ni wọ́n", ẹ ka ihò bóòtù.

Nígbà tí ẹ bá ń lé afẹ́fẹ́ jáde, ẹ kọ́kọ́ yí ohun tó ń sún láínìn títí á fi di dírọ́ọ̀mù mú pátápátá. Èyí á dín bí píísítìn inú wíìlì sílíńdà ṣe ń rìn kù. Ọmọ kan á wà lórí ìjókòó, á máa tẹ bíréèkì, ẹ̀yin á wà lábẹ́. Láti táyà tó jìnnà jù sí másítà lẹ máa bẹ̀rẹ̀. Kí ọmọ náà má gbé ẹsẹ̀ kúrò títí ẹ fi sọ pé "gbé e". Lẹ́yìn náà, ẹ dá láínìn padà sí ibi tí táyà ti ń yí fàlàlà. Omi bíréèkì tí ẹ bá ti ṣí ìgò rẹ̀ láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn ti mu omi inú afẹ́fẹ́, ẹ má lò ó.

Ẹnjìnnì

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni oní-bẹntiróòlù lítà 2.25. Kò ní kọ̀ǹpútà, kò ní àdììtú. Bí ẹ bá fún un ní epo, iná àti afẹ́fẹ́ lásìkò tó yẹ, á ṣiṣẹ́.

Ẹ má jẹ́ kí mẹ́káníìkì tú u kẹ́ ẹ tó wọn agbára ìfúnpọ̀ inú sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Iye kan pàtó kọ́ lẹ ń wá. Ohun tí ẹ ń wá ni bóyá wọ́n sún mọ́ra. Bí ọ̀kan bá fi ohun tó ju ìdá mẹ́wàá lọ kéré sí àwọn yòókù, ẹ ro ọ́ìlì ṣíbí kan sínú rẹ̀, kẹ́ ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bó bá gòkè, ríìngì ló ti jẹ. Bí kò bá gòkè, fáàfù ni, tàbí tọ́pù gásíkẹ́ẹ̀tì. Bí méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bá jọ lọ sílẹ̀, ẹ fura sí gásíkẹ́ẹ̀tì láàárín wọn. Ọ̀pọ̀ ẹnjìnnì tí wọ́n gbé lọ fún táńà (ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin) láti bọ́ọ̀ lọ́tun, ìyẹn láti fẹ ihò sílíńdà rẹ̀, ni ìṣẹ́jú márùn-ún yìí ì bá ti gbà sílẹ̀.

Bí ẹ bá ṣí orí ẹnjìnnì, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ táńà kó wò ó bóyá ó ti tẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, àárín lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í di bóòtù, kẹ́ ẹ máa yí bọ̀ síta, ní ìpele mẹ́ta, títí á fi dé ìwọ̀n 65 pọ́n-fíìtì lórí sípánà oníwọ̀n. Ẹ yá sípánà náà bí ẹ ò bá ní in. "Mo ti mọ̀ ọ́n lọ́wọ́" ni ìdí tí tọ́pù gásíkẹ́ẹ̀tì fi ń jó lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún.

Àlàfo fáàfù jẹ́ mílímítà 0.25, èyí tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde. Ti kọ́ńtáàtì inú dísíríbútọ̀ jẹ́ 0.35 sí 0.40. Ti pọ́láàgì jẹ́ 0.75 sí 0.80. Bí iná ṣe ń tò nìyí: 1, 3, 4, 2, ọ̀kan sì ni èyí tó sún mọ́ rédíétọ̀ jù. Ẹ kọ wọ́n sínú bọ́nẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ọ̀dà. Mẹ́káníìkì tó bá tẹ̀ lé yín á rí i, kò ní fi ojú wọ̀n ọ́n.

Wọn á ní kẹ́ ẹ yọ tẹ́mósítáàtì dànù "torí ooru ilẹ̀ wa". Ẹ má gbà. Ẹnjìnnì tí kò gbóná dé ìwọ̀n rẹ̀ ń jẹ epo, ó sì ń jẹ ara rẹ̀. Bó bá ń gbóná jù, rédíétọ̀ ló ti dí. Àwọn tó ń tún rédíétọ̀ ṣe lè ṣí orí rẹ̀, kí wọ́n fi irin gún un, kí wọ́n sì jó o padà, torí bàbà ni. Ti ìsinsìnyí tí ó ní orí rọ́bà kò ṣe é ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹnìkan á tún ní kẹ́ ẹ gbé ẹnjìnnì Toyota oní-dísù sí i. Òótọ́ ni pé lítà bẹntiróòlù kan kì í gbé ọkọ̀ yìí kọjá kìlómítà 6 tàbí 7, èyí sì ń dunni ní àpò. Ṣùgbọ́n ẹnjìnnì mìíràn ń béèrè ìjókòó mìíràn, pùròpélà mìíràn, rédíétọ̀ mìíràn, àti oṣù mẹ́fà mìíràn. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ rìn ná.

Gíà àti díìfù

Bí gíà kò bá ń fò jáde tí kò sì ń hu, ẹ má tú u. Ẹ da ọ́ìlì àtijọ́ nù, kẹ́ ẹ wò ó bóyá irin wà nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ da EP90 tuntun sí i: bíi lítà 1.5 sínú gíà, 2.5 sínú gíà kejì tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Díìfù iwájú (ilé gíà tó wà láàárín táyà méjèèjì) ń gba nǹkan bí 1.7. Ti ẹ̀yìn ọkọ̀ gígùn tóbi jù ú lọ, ó ń gba 2.5. Lẹ́yìn táyà iwájú, ẹ máa rí bọ́ọ̀lù irin ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ara rẹ̀ bá ti ní ihò-ihò, ọ́ìlì síìlì tuntun kò ní pẹ́ ya níbẹ̀, ẹ pààrọ̀ bọ́ọ̀lù náà. Ọ̀pá olórí yẹ́lò ni ẹ máa tẹ̀ sísàlẹ̀ kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè máa fà. Ọ̀pá olórí pupa wà fún gíà kékeré, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró kẹ́ ẹ tó fà á. Ẹ má fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rin ọ̀nà ọ̀dà gbígbẹ, torí kò sí ohun tó ń tú agbára iwájú kúrò lára tẹ̀yìn, nǹkan á fọ́.

Wáyà

Rẹ́wáyà tó mọ ọkọ̀ òyìnbó àtijọ́ ti ń ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n àwọ̀ wáyà ń sọ̀rọ̀. Búráùn ń bọ̀ tààrà láti bátìrì, iná wà lára rẹ̀ nígbà gbogbo. Funfun ń gba iná nígbà tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́. Ewéko gba inú fíúsì kọjá lẹ́yìn kọ́kọ́rọ́. Pupa jẹ́ ti iná kéékèèké ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn, búlúù ti iná ńlá iwájú, dúdú sì ni ilẹ̀. Bí ẹ bá rí wáyà yẹ́lò tí wọ́n fi sẹ̀lóòpù so mọ́ búráùn láìsí fíúsì, ẹnì kan ti fi rédíò sí i nígbà kan rí nìyẹn. Ẹ gé e kúrò. Bí iná bá ń ṣẹ́jú, ẹ má tíì fura sí ohun mìíràn: ẹ tú bóòtù tí wáyà dúdú so mọ́, kẹ́ ẹ fi sáńpépà ha abẹ́ rẹ̀ mọ́, kẹ́ ẹ fi gírísì díẹ̀ sí i. Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, ibẹ̀ ni.

Ọ̀dà

Ó kù yín kù ọ̀dà báyìí. Ẹ yan ìgbà tí òjò ti ń lọ tí eruku ọyẹ́ kò tíì dé, láàárín ìparí oṣù Kẹwàá sí ìdajì oṣù Kọkànlá. Bí afẹ́fẹ́ bá tutù pẹ̀lú omi, ọ̀dà á hu funfun. Bí ọyẹ́ bá ti dé, eruku á bá yín kun ún. Ọ̀dà ìpìlẹ̀ lásán kì í di álúmíníọ́ọ̀mù mú, á ṣí bíi èèpo àlùbọ́sà lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ béèrè fún èyí tí wọ́n ń pè ní etch primer. Ẹ fi sáńpépà 320 olómi ha ara rẹ̀, kẹ́ ẹ fi tínà nù ún, kẹ́ ẹ má tún fi ọwọ́ kàn án. Álúmíníọ́ọ̀mù tó ti tẹ̀ kì í gba òòlù bíi irin: á nà, á wú bíi ikùn. Ẹ kìlọ̀ fún páńẹ́lì bítà kó rọra.

Gbígbé e jáde

Ẹ kọ́kọ́ wakọ̀ nínú ọgbà, kẹ́ ẹ tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀ogún. Ẹ wò ó bóyá omi rẹ̀ lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ jáde ní àárọ̀ kùtù ọjọ́ Àìkú, kí ọ̀kadà tó kún títì. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Mápó dára fún bíréèkì ọwọ́: ẹ dúró pátápátá kẹ́ ẹ tó fà á, torí bí ẹ bá fà á nígbà tí ọkọ̀ ń lọ, pùròpélà lẹ ń gbá mú. Kí ẹnì kan dúró lẹ́yìn pẹ̀lú igi tó máa fi dí táyà. Ẹ ti ibẹ̀ gba ọ̀nà Àkànrán lọ títí ẹ fi bọ́ sí ọ̀nà oko, kẹ́ ẹ tẹ olórí yẹ́lò, kẹ́ ẹ wo bó ṣe ń fà.

Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan àárín rọ́ọ̀mù táyà kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá gbóná ju àwọn yòókù lọ, bẹ́ríìnì rẹ̀ le jù tàbí láínìn ń dì í mú. Ẹ di nọ́ọ̀tì táyà lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn nǹkan bíi kìlómítà 800, ẹ jẹ́ kí ẹnjìnnì tutù moju, kẹ́ ẹ tún di bóòtù orí rẹ̀ dé 65, kẹ́ ẹ tún àlàfo fáàfù wò, kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn VIO, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò, fún ìwé pé ọkọ̀ yẹ lójú ọ̀nà. Ẹ gbé ìwé tí ẹ fi ń ṣe àkọsílẹ̀ dání. Ọ̀gá tó yẹ tèmi wò ṣí i, ó kà á dé ìdajì, ó wá bi mí bóyá mo mọ ibi tó ti lè rí wíìlì sílíńdà fún ti àbúrò rẹ̀ tó wà ní Lálúpọn.